Abọ́ Kẹfà

Ní ilé wa ní Mówè, òórùn àlùbọ́sà ló máa ń jí mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Kì í ṣe agogo, kì í sì í ṣe gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó yí wa ká. Ìyá ọkọ mi á ti wà ní ẹ̀yìnkùlé láti ìgbà tí wọ́n ti kírun àsùbáà tán. Wọ́n á ti to àwọn abọ́ ike sórí bẹ́ńṣì, abọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọrí tirẹ̀, wọ́n á máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìkòkò lè dá wọn lóhùn. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti papòdà. Tí mo bá ń gé àlùbọ́sà lónìí, mo ṣì máa ń bojú wẹ̀yìn, bóyá mo tún máa gbọ́ pé mo gé e nípọn jù.

Oúnjẹ àwọn tó wà ní àhámọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n máa ń sè. Kì í ṣe ti gbogbo wọn o. Ẹni tó ní ẹbí nítòsí, ẹbí rẹ̀ á gbé oúnjẹ wá fún un. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ jìnnà ńkọ́, tàbí ẹni tí ẹbí rẹ̀ ti sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n rí? Àwọn tí kò lẹ́nìkan yìí ni ìyá ọkọ mi mú ní tiwọn. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n á pe ọlọ́pàábìnrin tó máa ń wà ní káńtà àgọ́ ọlọ́pàá lórí fóònù, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, àlejò mi mélòó ló wà lọ́dọ̀ yín?" Àlejò ni wọ́n ń pè wọ́n. Iye tí ọlọ́pàá náà bá pè ni iye abọ́ tó máa dé orí bẹ́ńṣì.

Ìrẹsì tó kán wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń rà, èyí tí àwọn tó ń fẹ́ èèpo kúrò lára ìrẹsì ní Ọ̀fàdà máa ń yà sọ́tọ̀. Wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, wọ́n á bu ọbẹ̀ ata lé e lórí, wọ́n á wá fi ẹran kan ṣoṣo sí abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ẹran yìí ni wọn kì í fi ṣeré. Wọ́n á wò ó, wọ́n á mú tibí sí tọ̀hún, wọ́n á tún wò ó, kí ẹnì kan má baà he egungun kí ẹnì kejì sì rí ẹran ńlá.

"Ibi tí wọ́n wà yẹn," wọ́n á ní, "ẹran lè dá ìjà sílẹ̀."

Ọmọ Ìfọ̀ lèmi, ọmọ alàgbà ìjọ. Ní ilé bàbá mi tó wà lẹ́bàá ojú irin, gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀wọ̀n kò ju pé ibẹ̀ ni ẹni tó bá jalè ń lọ. Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ mi tí mo sì bá ìyá rẹ̀ nílé, mo gbà pé ìtàn kan ń bẹ nídìí oúnjẹ Jímọ̀ yìí. Bóyá wọ́n ti ti ọkọ wọn mọ́lé rí. Bóyá ẹ̀gbọ́n wọn kan ló kú sí ẹ̀wọ̀n ní Ìkìrun lọ́hùn-ún tí wọ́n ti wá. Odindi ọdún kan ni mo fi dọ́gbọ́n wádìí ìtàn náà lẹ́nu ọkọ mi, lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Nígbà tó sú mi, mo bi ìyá ọkọ mi fúnra wọn.

"Ìtàn wo?" ni wọ́n wí. "Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ààfáà ṣe wáàsí pé kí á máa bọ́ aláìní, kí á máa bọ́ ọmọ òrukàn, kí á máa bọ́ ẹni tó wà nígbèkùn, kí á má sì retí ọpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo wò yíká. Èèyàn ń tọ́jú aláìní, èèyàn ń tọ́jú ọmọ òrukàn. Ẹlẹ́wọ̀n nìkan ni mi ò rí ẹni tó mú un. Mo bá mú un."

Ó parí síbẹ̀. Wọ́n mú ẹlẹ́wọ̀n bí ìgbà tí èèyàn mú iṣẹ́ ilé tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti mú tiwọn. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí ìtàn tí mo ti tò jọ lọ́kàn mi dùn ju èyí lọ.

Wọ́n fẹ́ràn láti máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyàwó mi oníṣọ́ọ̀ṣì," wọ́n á ní, "ṣé wọn kì í wàásù rẹ̀ fún ẹ̀yin ni?" Màá ní wọ́n ń wàásù rẹ̀ dáadáa, pé Jésù fúnra rẹ̀ ní ẹni tó bá bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, òun gan-an ló bẹ̀ wò. "Ẹ̀yin lẹ wá mọ̀ ọ́n jù wá lọ nìyẹn," wọ́n á fèsì, kúlà oúnjẹ á sì ti dé orí mi. Bí mo ṣe di alábàárù Jímọ̀ nìyẹn. A máa ń bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ márúwá, kúlà láàárín ẹsẹ̀ wa, wọ́n á máa ka tẹ̀sùbáà, èmi á máa kọrin ìjọ lábẹ́nú, onímárúwá á sì máa wò wá nínú dígí.

Òfin kan wà ní káńtà yẹn. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò lójú ọlọ́pàá, ṣíbí kan nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹnikẹ́ni má baà fi májèlé ránṣẹ́. Àwọn mìíràn máa ń bínú sí i. Ìyá ọkọ mi kì í bínú. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣe bísímílà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti abọ́ kìíní. Lẹ́yìn náà a ó dúró kí wọ́n jẹun tán, kí a lè kó abọ́ wa, nítorí kò sí ẹni tó máa bá wa tọ́jú abọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Omi tó wà níbẹ̀ kò tó mu, áḿbọ̀sìbọ́sí ká fi fọ abọ́. Bí wọ́n bá ṣe lá a náà la ṣe ń gbé e wálé, ata gbígbẹ létí rẹ̀, ojú ìka nínú rẹ̀.

Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ kápẹ́ńtà. Òrùlé ni tirẹ̀. Nínú àwọn ilé tuntun tó ń hù láàárín Mówè àti Ọ̀fàdà, mo ṣì lè na ọwọ́ sí àwọn tó kan òrùlé wọn. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan, ó ń sọdá ọ̀nà márosẹ̀ ní Ìbafọ̀ pẹ̀lú àpò ìṣó lọ́wọ́, típà tó kó yanrìn sì gbá a. Awakọ̀ náà kò sá. Ó ní bíréèkì òun ló já. Èmi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bíréèkì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ mi ṣẹ́ níbi méjì. Dókítà ní á rìn, ṣùgbọ́n kó gbàgbé òrùlé. Ọkọ mi kò sunkún nígbà tí wọ́n ń to egungun rẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òrùlé ló kọjú sí ògiri títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Mo kórìíra awakọ̀ yẹn. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè pè é. Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, tí wọ́n bá ní kí á pe iná sọ̀kalẹ̀ sórí ọ̀tá, mo mọ ẹni tí mò ń pè é lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí i rí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìyá ọkọ mi pe káńtà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń ṣa ẹ̀wà.

"Mẹ́fà ni, Màmá," ni ọlọ́pàábìnrin náà wí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Dírẹ́fà típà tó gbá ọmọ yín wà lára wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé láti Ìbafọ̀ ni. Apá Ṣakí ló ti wá. Kò lẹ́nì kankan níbí."

Ìyá ọkọ mi gbé fóònù náà sí etí kejì.

"Mẹ́fà lo pè é?"

"Mẹ́fà ni, mà."

"Ó dáa, ọmọ mi. O ṣeun."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú abọ́ mẹ́fà. Ara mi gbóná. Mo ní, "Màmá, ọmọ yín ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá yẹn o. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé."

"Ọba lo wí," ni wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n ń nu abọ́. "Ṣé ìwọ lọba ni?"

Ibà ló gbé wọn ṣánlẹ̀ ní òru yẹn. Ní àárọ̀ Jímọ̀, orí àpótí ni wọ́n jókòó sí dáná, aṣọ òtútù lọ́rùn. Wọn kò gbà kí n ràn wọ́n lọ́wọ́ pín ẹran. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n gbìyànjú láti dìde, òòyì kọ́ wọn, wọ́n tún jókòó.

"Ìyàwó mi, wàá bá mi gbé e lọ lónìí."

Wọ́n wò mí lójú nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Mo ní ó dáa, mà.

Mo bá ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ ní káńtà. Ọlọ́pàábìnrin wa kò sí níṣẹ́. Mo kó abọ́ márùn-ún jáde, mo tọ́ márùn-ún wò, wọ́n sì kó márùn-ún wọlé. Ó ní, "Àwọn mẹ́fà ni wọ́n ń retí oúnjẹ, àǹtí." Mo ní márùn-ún ni wọ́n gbé fún mi. Ó gbé èjìká sókè. Mo jókòó títí wọ́n fi kó abọ́ náà fún mi padà, mo bọ́ síta, abọ́ kẹfà sì ń gbóná nínú kúlà.

Igi dóńgóyárò kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí. Mo jókòó sí ìdí rẹ̀, mo ṣí abọ́ náà, mo sì jẹ oúnjẹ ọkùnrin yẹn. Ebi kò pa mí. Mi ò lè dà á nù, nítorí ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í da oúnjẹ nù. Mi ò sì lè gbé e délé. Mo jẹ ẹ́ tìbínú-tìbínú, mo jẹ ẹran rẹ̀ kẹ́yìn, ẹran náà sì dára. Wọn kò fún un ní egungun. Lẹ́yìn náà mo ra píọ́wọ́tà kan, mo fọ abọ́ náà mọ́ tónítóní, mo gbọ̀n ọ́n nù, mo tò ó mọ́ àwọn yòókù. Ìyá tó bí mi ló kọ́ mi pé a kì í gbé abọ́ tí a fi jẹun níta wọlé ní ìdọ̀tí.

Ẹ̀kọ́ ilé yẹn ló tú àṣírí mi.

Ìyá ọkọ mi ti dìde jókòó nígbà tí mo dé. Wọ́n fa kúlà náà sọ́dọ̀, wọ́n ń kó abọ́ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó márùn-ún kalẹ̀, ata gbígbẹ létí gbogbo wọn. Wọ́n mú ìkẹfà. Wọ́n fi ẹ̀yìn ìka ra inú rẹ̀. Wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń bọ́ àlejò wọn, abọ́ kankan kò tíì ti àhámọ́ wálé ní mímọ́.

"Ṣé ó dùn?" ni wọ́n bi mí.

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

"Dìde," wọ́n ní. "Oúnjẹ tèmi kọ́ lo jẹ."

Wọn kò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Wọn kò yíwà padà sí mi, wọn kò fajú ro, wọn kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ sí i, wọn kò sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀ dínkù. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tí mo bá ti gbé oúnjẹ síwájú, ojú máa ń tì mí. Mo rántí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa ní Ìfọ̀, bí mo ṣe ka ẹsẹ tó sọ nípa bíbẹ ẹlẹ́wọ̀n wò láìwo ìwé, tí wọ́n fún mi ní bisikíìtì. Ẹlẹ́wọ̀n inú ẹsẹ yẹn, lójú mi, èèyàn rere kan ni tí wọ́n tì mọ́lé láìṣẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ó lè jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ mí.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ara wọn ti yá díẹ̀. A jọ lọ. Ọlọ́pàábìnrin wa wà ní káńtà, ó kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó na ṣíbí sí wọn.

"Ìyàwó mi ló máa tọ́ ọ wò," ni ìyá ọkọ mi wí.

Mo tọ́ márùn-ún wò. Àwọn tó ni abọ́ ń jáde wá gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, ìyá ọkọ mi ń fọwọ́ fà wọ́n dìde. Wọ́n wá mú ẹnì kẹfà jáde. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ya àwòrán òǹrorò kan sọ́kàn. Ọkùnrin kékeré ni mo rí, irùngbọ̀n rẹ̀ kún, sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jọ ara wọn. Ojú rẹ̀ wà lára ṣíbí ọwọ́ mi. Mo bù ú, mo fi í sẹ́nu. Irú ìrẹsì tí mo jẹ tán lábẹ́ igi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kọ̀, kò lọ. Mo fi tipátipá gbé e mì.

Ó gba abọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde lójú ẹsẹ̀. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ṣé apá Mówè lẹ ti wá? Gbogbo ẹni tó bá wá síbí ni mò ń bi. Ọkùnrin kan ni, kápẹ́ńtà, wọ́n ní Mówè ló ń gbé. Ìṣó rẹ̀ fọ́n ká sójú títì. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ṣé ó yè é?"

Ọlọ́pàábìnrin náà bojú wo ìwé iwájú rẹ̀.

"Ó yè é," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ọmọ mi ni."

Ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó sì wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí bó bá jẹ́ èmi náà ni, ohun tí màá rò nìyẹn: ta ló ń sè fún ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ di arọ láìfi nǹkan sí i? Ọlọ́pàá kò ní kí n ṣe nǹkan kan mọ́. Mo na ọwọ́, mo tún bu ṣíbí kan nínú abọ́ rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Ìyẹn lọ.

Nígbà náà ló tó jẹun.

Nígbà tí wọ́n kó abọ́ jáde, ẹran ṣì wà nínú tirẹ̀. Ó ti jẹ ìrẹsì yíká rẹ̀ tán, ó dá ẹran nìkan sí láàárín. Ọlọ́pàábìnrin náà ní, "Ó ní kẹ́ ẹ bá òun fún ọmọ yín, Màmá. Ó ní kẹ́ ẹ má bínú, pé ìyẹn nìkan lòun ní."

A wọ márúwá padà sílé. Wọn kò ka tẹ̀sùbáà, èmi náà kò kọrin. Nígbà tí a délé, wọ́n gbé ẹran náà kaná, wọ́n gbé e fún ọkọ mi nínú àwo pẹlẹbẹ kan.

"Ta ló fi ránṣẹ́?" ni ọkọ mi bi wọ́n.

"Ẹni tó gbá ẹ."

Ọkọ mi wo ẹran náà. Ó wò mí, bóyá mo máa sọ nǹkan kan. Èmi tí mo ti jẹ ẹran ọkùnrin yẹn rí, kí ni mo fẹ́ sọ? Ó mú un, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́. Ó ní kí n gbé ọ̀pá òun wá fún òun. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mìíràn pé, tí wọ́n pe káńtà tí wọ́n gbọ́ iye, ọkọ mi pariwo láti inú yàrá pé, "Màmá, ẹ fi ẹran méjì sí tiẹ̀."

Ẹjọ́ náà parí lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ọkùnrin náà padà sí ọ̀nà ilé rẹ̀, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ń kan àga àti tábìlì báyìí, ní ìjókòó. Nígbà míì tí òjò bá ń bọ̀, màá rí i tó ń wo òrùlé ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ lódìkejì wa, inú mi á sì bàjẹ́. Mi ò ní purọ́ pé kì í bàjẹ́ mọ́.

Ìyá ọkọ mi lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wọn ti là á sílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, fóònù wọn dún. Èmi ni mo gbé e. Ọlọ́pàábìnrin náà kò tíì gbọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ ò tíì pè, mo ní kí n pè yín. Mẹ́rin ni o." Mo fẹ́ sọ fún un pé wọ́n ti kú, mo bojú wo bẹ́ńṣì tó ṣófo ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ní ó dáa. Mo lọ mú abọ́ mẹ́rin.

Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń gbé e lọ. Wọ́n ti gbé ọlọ́pàábìnrin náà lọ síbòmíràn, àwọn tuntun ló kù ní káńtà. Òfin ní ṣíbí kan, ṣùgbọ́n ṣíbí méjì ni mò ń jẹ nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọlọ́pàá rò pé ebi ló máa ń pa mí.